Bí Ọlọ́pàá Bá Mú Ọmọ Yín ní Zaria

Orí fóònù ni òbí ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Aládùúgbò á pè pé ọlọ́pàá ti kó àwọn ọmọ tó wà níta, pé tiyín wà nínú wọn. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní Sara-Suka ló jà ní àdúgbò, tí ọlọ́pàá sì kó gbogbo ọmọkùnrin tó bá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ fóònù tó sọnù, tàbí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa ni owó: ta la lè yá a lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló mọ ọ̀gá ọlọ́pàá níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ owó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ohun tó ṣe kókó jù ni kí òbí ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ kí ọmọ tó fọwọ́ síwèé. Òbí kì í ṣe àlejò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin kà á mọ́ àwọn tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Òfin wo nìyẹn? Wọ́n ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó jẹ mọ́ ọmọdé jù ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí àwọn lọ́yà ń pè ní Child Rights Act. Òfin yìí kì í múlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan àfi bí ilé aṣòfin ibẹ̀ bá sọ ọ́ di tiwọn, ó sì pẹ́ kí Kaduna tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún 2018 ni Kaduna ṣe tirẹ̀, Child Welfare and Protection Law. Ọdún tó ṣáájú, 2017, ni wọ́n ti ṣe òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀ náà, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣe tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ACJA, ní 2015. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sì de gbogbo ọlọ́pàá Nàìjíríà níbi yòówù tí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́. Lókè gbogbo wọn ni Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999. Ẹ kò ní láti há orúkọ wọn sórí. Ẹ sáà mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òfin ọmọdé, ti apá gúúsù ni, pé wọn kì í lò ó ní Kaduna, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́ mọ́ láti 2018.

Lójú òfin ti 2003, ọmọdé ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18. Ọmọ ọdún 17 tó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ, tó ti ń hu irùngbọ̀n, ọmọdé ni. Ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ọlọ́pàá lè wo ìdúró ọmọ kó kọ 19 sínú ìwé, ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kò sì ní jiyàn. Bí wọ́n bá ti kọ 19, àwọn ẹ̀tọ́ ọmọdé tí mo fẹ́ sọ yìí lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ dání bí ẹ bá ń lọ. Èyí tí NPC, àjọ ètò ìkànìyàn, fún yín ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ilé-ìwé rẹ̀, tàbí ìwé NIN. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má fi ojúlówó sílẹ̀. Kí ó kọ ọjọ́ ìbí náà lójú yín.

Ọjọ́ orí yìí lè da ìdájọ́ pàápàá nù. Ní oṣù kẹjọ 2020, kóòtù Sharia kan ní Kano rán ọmọ ọdún 13 lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10 lórí ẹ̀sùn ọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run. Ọmọ náà kò ní lọ́yà nígbà ìgbẹ́jọ́. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ gíga Kano, wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2021, nítorí pé ọmọdé ni àti pé kò ní agbẹjọ́rò. Ẹ rí i pé ẹ̀tọ́ ọmọdé kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà kóòtù Sharia.

Bí wọ́n bá ti mú ọmọ, òfin ní kí ọlọ́pàá fi tó òbí tàbí alágbàtọ́ létí lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe lójú ẹsẹ̀, kí ó jẹ́ láàárín àkókò tó bá kúrú jù lọ. ACJA fi kún un pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti wá mọ̀lẹ́bí ẹni tí wọ́n mú kàn, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú àwọn òbí rí nǹkan kárí ayé kí irú òfin báyìí tó wà. Ní oṣù kẹfà 1964, ní Arizona ní Amẹ́ríkà, wọ́n wá mú ọmọ ọdún 15 kan, Gerald Gault, nílé wọn, torí pé obìnrin kan ní ó sọ ìsọkúsọ sí òun lórí tẹlifóònù. Bàbá àti ìyá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Wọn kò fi ìwé sílẹ̀, wọn kò ránṣẹ́. Ìyá dé nírọ̀lẹ́, kò bá ọmọ nílé, ó ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ wò ó nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé ó ti wà ní àtìmọ́lé. Adájọ́ ní kí wọ́n tì í mọ́ ilé ìtúnwàṣe títí yóò fi pé ọdún 21. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló ṣe é, kò lè ju ìtanràn dọ́là 50 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì lọ. Ó di 1967 kí ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà tó sọ pé àti ọmọ àti òbí gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀sùn náà ní àkókò, pé ọmọ sì gbọ́dọ̀ ní lọ́yà.

Ní Zaria, ẹ má dúró de ìpè ọlọ́pàá. Bí ẹ kò bá mọ tésàn tí ọmọ wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó sún mọ́ ibi tí wọ́n ti mú un, ì báà ṣe Sabon Gari, Samaru, Tudun Wada tàbí inú Zaria City. Bí ẹ bá dé kawúńtà, ẹ kí wọn dáadáa. "Ranka ya dade", ìkíni Hausa, kò ná yín ní nǹkan kan, ó sì máa ń mú ọkàn ará ibẹ̀ rọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ ọ́ kó yé wọn: "Ọ̀gá, èmi ni ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni. Ìwé rẹ̀ rèé. Ta ni IPO rẹ̀, kí sì ni ẹ̀sùn rẹ̀?" Ẹ kọ orúkọ IPO náà sílẹ̀, ẹ kọ wákàtí tí ẹ dé àti wákàtí tí wọ́n ní àwọn mú un. Bó bá jẹ́ pé fijilánté ló mú un, òfin ní kí ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá tó bá mú ènìyàn fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìfi falẹ̀. Wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tì í mọ́ ọ́fíìsì tiwọn di ọjọ́ kejì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù rèé: stétimẹ́ǹtì. Ìwé yìí ni ọlọ́pàá ń kọ́kọ́ gbà, òun náà ni wọ́n ń gbé síwájú adájọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà tí ọmọ ti gbàgbé ohun tó sọ. Ọmọ ọdún 15 tí àgbàlagbà mẹ́ta dúró lé lórí, tí wọ́n ń jágbe mọ́ ọn, lè gba ohun tí kò ṣe torí pé ó fẹ́ lọ sílé. Kò mọ̀ pé ìwé yẹn gan-an ni kò ní jẹ́ kó tètè délé.

Nítorí èyí ni òfin ti 2003 fi ní kí òbí tàbí alágbàtọ́ wà lọ́dọ̀ ọmọ. Ó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ náà, bí ó ti jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti mọ ẹ̀sùn rẹ̀, láti dákẹ́, láti ní lọ́yà, àní lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá lówó, àti pé kí wọ́n kà á sí aláìjẹ̀bi títí ẹ̀rí yóò fi dé. Abala 35 nínú Ìwé Òfin 1999 kún un lọ́wọ́: ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́, kó má dáhùn ìbéèrè kankan, títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn yẹn lè jẹ́ bàbá rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀. ACJA náà gbà kí wọ́n gba stétimẹ́ǹtì níwájú lọ́yà, tàbí òṣìṣẹ́ Legal Aid Council, tàbí ẹni tí ọmọ náà bá yàn.

Bí ẹ bá wọ yàrá náà, ohun tí ẹ óò ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Ẹ jókòó ti ọmọ. Ẹ má bá a dáhùn, torí òfin kò gba kí ẹni tó jókòó tì í máa dá sí i, àfi lọ́yà tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì gbá a létí níwájú ọlọ́pàá láti fi hàn pé ẹ jẹ́ òbí rere. Mo mọ̀ pé inú a máa bí òbí, ojú a sì máa tì í, ṣùgbọ́n ọmọ tí òbí rẹ̀ nà ní tésàn ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó wà lẹ́yìn òun mọ́, ohunkóhun tí wọ́n bá sì fi síwájú rẹ̀ ni yóò gbà. Ẹ sọ fún un pé kó sọ òótọ́, tàbí kó dákẹ́ títí lọ́yà yóò fi dé; kó má ṣe hùmọ̀ nǹkan kan láti tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ẹ tún wo ti èdè. Àwọn ọmọ wa ní Zaria ń sọ Yorùbá nílé, Hausa níta, Gẹ̀ẹ́sì nínú kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọlọ́pàá sábà máa ń fi kọ ìwé. Kí wọ́n kà á padà fún ọmọ ní èdè tó gbọ́ dénú. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé òfìfo, tàbí ìwé tí wọn kò kà fún un. Bí wọ́n bá ti gba stétimẹ́ǹtì lọ́wọ́ ọmọ kí ẹ tó dé, ẹ bèèrè wákàtí tí wọ́n gbà á, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún lọ́yà pé ẹ kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn á wúlò ní kóòtù.

Ó wá ku béèlì. Ọ̀fẹ́ ni. Ọlọ́pàá fúnra wọn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tésàn wọn káàkiri Nàìjíríà. Onídùúró kì í san owó kí ọmọ tó jáde; ó ń fọwọ́ síwèé pé òun yóò mú ọmọ wá nígbà tí wọ́n bá pè é. Bí ọmọ bá sá, nígbà yẹn ni gbèsè tó wà nínú ìwé náà máa ń já lé onídùúró lórí. Ẹ ka iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ àti ọjọ́ ìpadàbọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Fún ọmọdé, ACJA lọ jìnnà ju èyí lọ. Bí wọn kò bá lè gbé ọmọ dé kóòtù lójú ẹsẹ̀, ọlọ́pàá tó wà nídìí tésàn gbọ́dọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, kó sì fi ọmọ sílẹ̀ fún òbí tó bá fọwọ́ síwèé, àfi bó bá jẹ́ ẹ̀sùn ìpànìyàn, tàbí ẹ̀sùn tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ju ọdún 3 lọ, tàbí pé ó yẹ kí wọ́n yọ ọmọ náà kúrò láàárín àwọn ọ̀daràn tí gbogbo ayé mọ̀. Olè jíjà wà lára ẹ̀sùn tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè ju ọdún 3 lọ, àwọn ọlọ́pàá kan sì máa ń fi ìyẹn ṣe àwíjàre. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin wí ni pé kò pọn dandan fún wọn láti fi í sílẹ̀ nínú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé wọn kò lè ṣe é. Òfin ti 2003 ṣì ní kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ ìtúsílẹ̀ rẹ̀ wò láìfi falẹ̀, pé àtìmọ́lé ọmọdé gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó kẹ́yìn pátápátá, fún àkókò tó kúrú jù, pé bó bá ti ṣeé ṣe, kó wà lábẹ́ ìtọ́jú ẹbí rẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ DPO, ìyẹn ọ̀gá tésàn náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí ló dé tí ilé kò fi tó.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ìyá lọ mú ọkùnrin wá kó tó lè dúró fún ọmọ rẹ̀, irọ́ ni. ACJA kọ ọ́ gedegbe pé wọn kò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni padà nídìí ìdúró nítorí pé obìnrin ni. Mo fẹ́ kí gbogbo opó tó ń dá tọ́mọ ní Zaria gbọ́ èyí. Wọn kò sì gbọdọ̀ mú yín rọ́pò ọmọ. Bí ọmọ bá sá lọ, tí ọlọ́pàá wá sílé, ACJA àti Òfin Ọlọ́pàá 2020 kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n gbé bàbá, ìyá tàbí àbúrò dípò ẹni tí wọ́n ń wá.

Ìwé Òfin 1999 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ méjì bí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kóòtù wà ní Zaria. Nítorí náà ọjọ́ kan ni, kì í ṣe "títí di Mọ́ńdè." Bí wákàtí 24 bá kọjá tí wọn kò sì fi í sílẹ̀, òbí tàbí lọ́yà rẹ̀ lè tọ kóòtù lọ, ó lè fi ẹnu lásán bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ pé kí adájọ́ pàṣẹ béèlì. Láàárín wákàtí wọ̀nyí, ọmọdé kò gbọdọ̀ wà nínú ṣẹ́ẹ̀lì kan náà pẹ̀lú àgbàlagbà, wọn kò gbọdọ̀ nà án, wọn kò sì gbọdọ̀ gbé àwòrán tàbí orúkọ rẹ̀ jáde fún aráyé, ì báà ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí Facebook.

Ní 2024, a rí bó ṣe máa ń rí bí wọ́n bá ti gbogbo èyí sẹ́yìn. Nígbà ìwọ́de #EndBadGovernance ní oṣù kẹjọ, tí àwọn ọ̀dọ́ kan gbé àsíá Rọ́ṣíà kiri ní Kano àti Kaduna, ọlọ́pàá kó ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọmọdé wà lára wọn. Wọ́n kó wọn lọ sí Àbújá. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta kọjá. Ó di ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá kí wọ́n tó kó ènìyàn 76 wá síwájú Adájọ́ Obiora Egwuatu, àwọn tó lé ní 25 nínú wọn kò tíì pé ọdún 18, àwọn kan jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba wà lára ohun tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn. Mẹ́rin nínú wọn ṣubú lulẹ̀ nínú kóòtù. Béèlì ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílíọ̀nù ₦10 pẹ̀lú onídùúró méjì: òbí ni ọ̀kan, ìkejì òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìpele rẹ̀ kò rẹlẹ̀ sí 15. Ibo ni ìyá tó ń ta kòsé lẹ́bàá ọ̀nà ní Kaduna ti fẹ́ rí òṣìṣẹ́ ìpele 15 ní Àbújá tí yóò dúró fún ọmọ tí kò mọ̀ rí? Ariwo ta. Ní ọjọ́ 4, Ààrẹ Tinubu ní kí wọ́n tú àwọn ọmọdé náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 5, kóòtù fagi lé ẹjọ́ náà, Gómìnà Uba Sani sì gba àwọn ti Kaduna padà. Ohun tó tú wọn sílẹ̀ ni ariwo. Òfin tó yẹ kó ti dá wọn padà sọ́dọ̀ òbí wọn ní oṣù kẹjọ ti wà nílẹ̀ láti 2003.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Zaria, bàbá àti ìyá wọn kò sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún 16 tàbí 17 wà ní yunifásítì ABU, òun nìkan ló ń gbé ní Samaru, òbí rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìbàdàn. Òfin mẹ́nu kan alágbàtọ́ níbi gbogbo tó ti mẹ́nu kan òbí, nítorí náà ẹ̀gbọ́n, àbúrò bàbá, tàbí ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lè dúró sí ipò yẹn. Kí ọmọ tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Zaria, ẹ fi í lé ẹnì kan lọ́wọ́ níbẹ̀, kí onítọ̀hún ní ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà yín lọ́wọ́.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní láti dé kóòtù. Òfin ti 2003 fún ọlọ́pàá lágbára láti parí ẹjọ́ ọmọdé bí ẹ̀ṣẹ̀ náà kò bá wúwo: kí wọ́n dá ohun tí ọmọ bà jẹ́ padà, kí wọ́n bẹ ẹni tó ṣẹ̀, kí ọmọ wà lábẹ́ àbójútó. Ìgbà yìí gan-an ni ímáàmù, pásítọ̀ tàbí olórí àdúgbò wúlò, ju ìgbà tí wọ́n bá ń wá owó kiri lọ. Bí ó bá dé kóòtù, òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kóòtù sì lè pàṣẹ pé kó wá. Wọn kò gbọdọ̀ rán ọmọdé lọ sẹ́wọ̀n, wọn kò gbọdọ̀ dá a lẹ́jọ́ ikú, wọn kò gbọdọ̀ nà án lẹ́gba. Bí ó bá jẹ́ ìtanràn, òbí ni kóòtù lè ní kó san án, pàápàá bí àìbìkítà òbí bá wà lára ohun tó fà á.

Bí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ wọ̀nyí dù yín, ẹ lọ bá DPO; bí kò bá gbọ́, ẹ lọ bá Area Commander tó wà ní Zaria. Legal Aid Council ń fún ẹni tí kò lówó ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ní ọ́fíìsì ní Kaduna. National Human Rights Commission náà ń gba ẹ̀sùn. Ilé-ẹjọ́ gíga ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lábẹ́ ìlànà 2009, òbí sì lè pè é fún ọmọ rẹ̀. Bí ó bá hàn pé wọ́n mú ọmọ láìtọ́, Ìwé Òfin 1999 ní kí wọ́n san owó gbà-má-bìínú fún un, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba.

Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ gba ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ yín ní ọ́fíìsì NPC bí ẹ kò bá tíì ní in. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù yín. Kí ọmọ há nọ́ńbà yín sórí, torí wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ sì kọ́ ọ ní gbólóhùn kan tí yóò máa sọ fún ọlọ́pàá: "Ọmọ ọdún 15 ni mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pe ìyá mi kí n tó kọ nǹkan kan."